Ìyá Tí Wọ́n Ní Ó Se Ọmọọmọ Rẹ̀ Jinná

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ni pé ní Minna, ọmọ tí kò bá jinná nínú ìyá rẹ̀, wọ́n ń gbé e padà sórí iná ní ilé ìwòsàn, wọ́n á sì sè é títí yóò fi jinná. Ìlú tó ń jẹ́ Minna, kí ni ì bá tún fi ọmọ ṣe ju kó sè é jinná lọ? Ìròyìn kejì, tó jẹ́ àbúrò àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tó mọ eré sá ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ni pé kì í ṣe dókítà ló ń sè wọ́n. Màmá alágbàfọ̀ kan ní Keteren Gwari ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n ní ó ti fi ọmọọmọ tirẹ̀ dán an wò. Ó gbé e sínú omi híhó, ó dé e lọ́mọrí, ó kọ orin ìjọsìn kan parí. Nígbà tó máa ṣí i, ọmọ tó ti kú ti ń pariwo pé ọmú dà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ yìí ti wọ mọ́tò dé Bida, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kaduna. Ní Bida wọ́n fi iyọ̀ sí i. Ní Kaduna wọ́n fi ata sí i. Ìgbà tó padà dé Minna, ó ti sanra débi pé àwọn tó bí i gan-an ń kí i bí àlejò. Ọkùnrin kan tó ń ta obì lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin fi Ọlọ́run búra pé òun gbọ́ òórùn ìkòkò náà, pé efinrin wà nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, òtítọ́ ni. Omi gbígbóná wà níbẹ̀. Ọmọ wà níbẹ̀. Màmá alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì da omi náà. Ibi tó dà á sí ni ayé kò mọ̀.

Alice Bámigbóyè ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ló mú un wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Minna, láyé ìgbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró mumi, tí àwọn èrò á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á béèrè pé ibo nìyí, ọkọ̀ á sì ti lọ kí wọ́n tó rí ẹni dá wọn lóhùn. Ọkọ náà kú. Ohun tó fi sílẹ̀ ni irin ìlọṣọ eléèédú kan tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàbá.

Ẹni tó bá gbọ́ Àlàbá mọ̀ pé mẹ́ta ti ṣáájú rẹ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé kò lo oṣù wọn pé. Wọ́n jáde nínú ìyá wọn bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé, wọ́n sì ń kérora, hùn, hùn, hùn, bí àgbà tó ń gun òkè. Ìró náà kọ́kọ́ dákẹ́ lẹ́nu Táíwò. Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Ìdòwú rìn dé ẹnu ọ̀nà kí ibà tó gbé e lọ. Alice kì í sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ẹrù wúwo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń ṣe hùn, hùn, a máa sáré jáde lọ bá a sọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ Niger kúrò lára Sókótó, wọ́n gbé adé olú-ìlú lé Minna lórí, oríire Alice sì dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ìlú bí eéṣú. Wọn ò rílé gbé. Wọn ò rómi mu. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ wọ aṣọ funfun lọ sí ọ́fíìsì tí wọn kò tíì kọ́ òrùlé rẹ̀. Alice ló ń fọ aṣọ náà, òun ló ń lọ̀ ọ́. Sítáàṣì rẹ̀ le débi pé, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, sòkòtò ọ̀gá kan ní Fadikpe dìde fúnra rẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì, ó buwọ́ lùwé mẹ́ta, ó tún fi akọ̀wé kan ṣe yẹ̀yẹ́ kí ọ̀gá náà tó jí. Àwọn Hausa sọ ọ́ ní Mama Wanki, ìyá aláṣọ fífọ̀. Ó ti lo ìgbà pípẹ́ ní Minna tó fi jẹ́ pé bó bá sín, "Kai!" ló ń jáde.

Ti Àlàbá tilẹ̀ tún kọjá bẹ́ẹ̀. Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa ni ìdùnnú ẹnu rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, á kọ́kọ́ lọ rò ó ní Hausa, á wá máa wọ́ ọ bọ̀ bí ẹni tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Níbi òkú bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ kí opó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." Ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Àlàbá ní, "Ṣé kò tíì parí ni?"

Victoria ni ìyàwó tó fẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́, olùkọ́ ọmọ kékeré. Oyún inú rẹ̀ wà ní oṣù keje lásìkò ọyẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin a-bí-dí, ni inú mú un ní "gí". Ìgbà tí Alice fi máa ju aṣọ sílẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti dé. Ọkùnrin ni. Kò tóbi ju bàtà ọmọ ilé-ìwé lọ. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀ kí màmá bàbá rẹ̀ lè rí i, ohun tí Alice sì kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe ojú. Ìró ni.

Hùn. Hùn. Hùn.

Ó di ògiri mú. Ìró tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ìbejì rẹ̀ ni, ìró náà gan-an, kò yàtọ̀ níbì kan. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá fa èémí, àyà rẹ̀ á wọnú bí àkàrà tútù tí wọ́n fi ìka tẹ̀, ihò imú rẹ̀ á sì là fẹ̀ẹ̀.

"Á kú," ni Alice wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Ta ló ní á kú?" Nọ́ọ̀sì kan ló dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. Sàlíhátù Láwàl ló ń jẹ́, ọmọ Ìlọrin, èèyàn kúkúrú tí ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. "Màmá, ẹ má fi ẹnu yín pa á fún wa o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe tiwa."

Tiwọn náà sì jọ eré ọmọdé. Dókítà Adéagbo, ọkùnrin gígùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó gbọ́dọ̀ di òpó mú nígbà ọyẹ́, gbé sìlíńdà ọ́síjìn wá. Ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú ìgò òfìfo kan tí wọ́n ti mu oje ọsàn inú rẹ̀ tán, ó rọ omi sí i títí dé ibi tó lẹ pílásítà mọ́. Rọ́bà gba ọ̀dọ̀ sìlíńdà wá sí ihò imú ọmọ, wọ́n fi pílásítà dì í mú. Ìyókù rẹ̀ ń lọ sínú ìgò, ó ri ẹnu bọ omi. Wọ́n ṣí sìlíńdà. Omi inú ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbùrù-gbùrù-gbùrù.

Ẹnu ya Alice. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìgò ọsàn lẹ fẹ́ fi gba ọmọ mi là?"

"Màmá, ẹ wò ó." Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba. "Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yìí kò tíì gbó. Bó bá mí sínú, ó ń là. Bó bá mí síta, ó tún lẹ̀ pọ̀ mọ́ra..."

"Bí àpò ìrọ̀rí tí mo fi sítáàṣì sí, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, tí mo ní láti kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó lè lọ̀ ọ́?"

"Háà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wá ń fi tipátipá là á ní gbogbo ìgbà. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà yìí ni ọwọ́ tí a kì bọ̀ ọ́, tí kò jẹ́ kó lẹ̀ tán. Omi ló ń fún afẹ́fẹ́ náà lágbára: bí ẹnu rọ́bà bá ṣe jìn sínú omi tó ni agbára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù. A ò la ọmọ, a ò ki nǹkan kan bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Òun náà ló ń mí. Ìrànlọ́wọ́ là ń ṣe fún un."

Alice gbọ́ ọ dáadáa. Bí ìtàn bá parí síbí, à bá ti lọ sùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì Sàlíhátù fi ọ̀rọ̀ kan kún un kó tó lọ, ọ̀rọ̀ kékeré tí kò ju ìgbà tí èèyàn bá yanu lọ.

"Màmá, ẹ máa bá wa ṣọ́ omi yìí. Ó gbọ́dọ̀ máa hó. Bó bá ṣì ń hó, ọmọ ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Bí kò bá hó mọ́, ẹ pè mí. Ẹ má sì fọwọ́ kan ìgò náà o."

Ó gbọ́dọ̀ máa hó. Alice wo ìgò náà. Lóòótọ́, omi ń hó. Ó ń hó bí omi tí wọ́n fẹ́ ro ọkà sí. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iná NEPA ni ti ilé ìwòsàn, iná NEPA sì rèé, ó wà ni, kò sí ni, ojú kì í sábà rí i. Pé kí òun má fọwọ́ kàn án tún wá jẹ́rìí sí i. Kí ni wọ́n ń sọ pé kí èèyàn má fọwọ́ kàn, bí kì í bá ṣe ohun tó gbóná?

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ń ṣọ́ omi.

Ìró hùn, hùn yẹn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àyà ọmọ kò wọnú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n. Alice kì í jẹun bí kò bá jẹ́ pé Àlàbá fi oúnjẹ sí i lọ́wọ́, kì í sì í wo ibòmíràn bí kò ṣe ìgò. Victoria ń ti wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ wọ́ ẹsẹ̀ wá wo ọmọ rẹ̀, ó ń bi í pé, "Màmá, ó ń ṣe dáadáa?" Alice á ní, "Ó ń hó." Ìyẹn ni kíkí, ìyẹn sì ni ìdáhùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọyẹ́ bẹ́ sí ìlú bí ẹni tó wá gba gbèsè. Sàlíhátù wà ní yàrá kejì, ó ń gbẹ̀bí fún obìnrin kan. Fíláàsì omi gbígbóná wà lórí ilẹ̀, Àlàbá ló gbé e wá kí Victoria lè fi po ògì. Alice rí i pé ikun ọmọ ń dán létí imú. Ó mú etí aṣọ ìró rẹ̀, ó rọra nù ún, bí ìyá àgbà yòówù ṣe máa ṣe. Ó tún fa fìlà ọmọ náà wálẹ̀ díẹ̀ nítorí òtútù. Nínú ìnù yẹn àti fífà yẹn, ẹnu rọ́bà yọ kúrò nínú ihò imú. Kò rí i.

Lákòókò náà gan-an, NEPA mú iná lọ. Fáànù òkè kérora, ó dúró.

Omi inú ìgò ṣe gbùrù kan, ó tún ṣe gbùrù kan, ó dákẹ́.

Ara Alice bù máṣọ. Iná ti lọ, omi ò hó mọ́! Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ìgò, ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Àṣé omi ti tutù lọ́wọ́ òun, òun sì jókòó síbẹ̀ bí ère! Hùn, ni ọmọ náà wí. Hùn. Hùn. Ojú Táíwò là lójú rẹ̀, ojú Kẹ́hìndé là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí pé wọ́n ní kí òun pe ẹnì kan. Ó ja ìdérí fíláàsì, ó gbé e sókè, ó da omi gbígbóná lu ìgò náà. Ooru sọ lálá. Omi kọjá pílásítà, ó kọjá ọrùn ìgò, ó ṣàn sílẹ̀. Kò hó.

Ó wo ọmọ. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró.

Igbe tí Alice ké lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó mú kí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Zungeru fọn fèrè dá a lóhùn. "Jéésù o! Ẹ gbà mí o! Kò hó mọ́! Kò hó mọ́!"

Sàlíhátù já wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́. "Subhanallahi! Màmá, kí lẹ dà síbẹ̀?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọnù, ojú rẹ̀ sáré tọ rọ́bà lọ láti sìlíńdà dé imú, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó dá a padà sínú imú, ó fi ìka ra ọmọ lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kejì da omi ìgò dànù títí ó fi kù sí ibi pílásítà. Dókítà Adéagbo ti dé, gbogbo gígùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n dúró. Gbogbo wọn ń wo omi.

Gbùrù.

Gbùrù-gbùrù.

Ọmọ náà ya ẹnu, ó sunkún. Ẹkún náà kò ju ti ọmọ ológbò lọ, ṣùgbọ́n Alice jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tó dà, ó ṣì ń wí pé, "Kò hó mọ́, mo da omi gbígbóná sí i."

Àwọn abiyamọ ti rọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí ooru tó ń lọ sókè. Wọ́n rí fíláàsì. Wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ. Àlàbá tó sáré dé ni wọ́n dì mú, wọ́n ní, "Me ya faru? Kí ló ṣẹlẹ̀?" Àlàbá gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ nílẹ̀, ó ń ṣe ìtumọ̀ fún wọn bó ṣe ń gbọ́ ọ. Hó, ní orí Àlàbá, ìkòkò lórí iná ni. Hausa ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn: tafasa. Ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn ní Hausa tó mọ́ gaara: "Ruwan ne ya daina tafasa. Mama ta zuba ruwan zafi, sai yaron ya yi kuka." Pé omi ò hó lórí iná mọ́, pé Màmá da omi gbígbóná sí i, ni ọmọ bá sunkún.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irọ́ kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì wọ mọ́tò.

Ara ọmọ náà yá. Wọ́n yọ rọ́bà, Victoria bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́mú, wọ́n sọ ọ́ ní Láyíwọlá. Nígbà náà ni Alice wá jáde síta, tó rí i pé òun ti di èèyàn ńlá. Mama Wanki ti kú, Mama Tafasa ló jíǹde. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ kí i ní ọjà Kasuwan Gwari. Wọ́n ń gbé aṣọ tí kò dọ̀tí wá fún un, pé kó sáà ti fọwọ́ kàn án. Aláàjì kan gbé àgbò wá, àgbò náà gan-an wò ó tìyanu-tìyanu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ó dìde, ó ní, "Ọlọ́run ló ṣe é," ó sì jókòó. Àwọn èèyàn ní, ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!

Sàlíhátù nìkan ni oríire náà kò dùn mọ́ nínú. "Màmá, ẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí bó ṣe jẹ́ o."

"Kí ni mo wá sọ? Ṣé mo ní mo se ẹnikẹ́ni ni?"

"Ẹ ò ní ẹ ò sè é náà."

Alice rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ta ni í tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Obìnrin tó sin ọmọ mẹ́ta láìsí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, bí wọ́n bá wá ní ó jí ọ̀kan dìde, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ni ò ní í fẹ́ kí wọ́n tún un sọ?

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀.

Ó ń lọ aṣọ kọmíṣánnà kan lọ́wọ́. Obìnrin aránṣọ kan wọlé láti Fadikpe, Roseline Akínlabí, tó ti ń gbé aṣọ wá fún un láti lọ̀. Kẹ́tùlù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì we é, ooru ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ la ọ̀nà fún wa. Ọmọbìnrin mi bí lánàá, oṣù ò pé. Wọ́n ti so ó mọ́ ìgò bíi tiyín. Mo ní kí n yà bi yín kí n má baà ṣì í ṣe: ṣé gbogbo kẹ́tùlù ni kí n dà sí i ni, àbí kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù?"

Alice ń wo ẹnu kẹ́tùlù. Òórùn aṣọ tó ń jóná gba yàrá kan, irin ti jẹ ihò sí ẹ̀yìn kọmíṣánnà.

"Ta... ta ló ní kí o da omi sí ìgò ọmọ?"

"Haba Màmá! Gbogbo ìlú náà ni. Àbúrò mi Abọ́sẹ̀dé tilẹ̀ ti ṣáájú mi lọ. Fíláàsì ni tiẹ̀, ó ní ti fíláàsì ló jọ tiyín jù."

"Ó ti ṣáájú?"

Ẹni tó bá rí Alice Bámigbóyè lọ́jọ́ náà ló lè sọ eré tó sá. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún já sí Keteren Gwari, ti òsì fò bọ́ sí ojú irin. Gèlè rẹ̀ ni ọ̀kadà kan gbé lọ, wọn ò rí i títí dòní. Roseline ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń da omi gbígbóná sílẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, ó ń ké, "Màmá, kí ló dé? Ṣé ó ti tutù jù ni?"

Ohun tó bá ní ilé ìwòsàn ló mú kí orí rẹ̀ wú. Ìyá àgbà ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri: Yorùbá, Hausa, Nupe, Gwari. Fíláàsì, kẹ́tùlù, ìkòkò onírin. Ọ̀kan gbé sítóòfù wá, ó ń bi aṣọ́nà pé ibo ni wọ́n ń dáná sí. Wọ́n rí i, wọ́n hó yèè, "Mama Tafasa! Mama Tafasa!" Ó fi èjìká là wọ́n kọjá wọ wọ́ọ̀dù. Abọ́sẹ̀dé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ó ti ṣí fíláàsì, ó ti gbé e sókè, ó ń dúró kí Sàlíhátù kẹ̀yìn sí i.

"Abọ́sẹ̀dé!"

Fíláàsì bọ́, ó fọ́ yányán sílẹ̀. Omi gbígbóná bó Abọ́sẹ̀dé lẹ́sẹ̀, ó fò sókè. Inú ìgò ń ṣe gbùrù-gbùrù, ọmọ kékeré kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Sàlíhátù yíjú, ó wo ilẹ̀, ó wo Alice. Ó kàn ká ọwọ́ lẹ́rán.

Alice gbá ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé mú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fi ìka kan ṣoṣo kan ìgò yìí."

Sàlíhátù mi orí. Abọ́sẹ̀dé na ìka bí ẹni tó fẹ́ kan ejò. Ó kàn án. Ojú rẹ̀ yọ síta.

"Ó tutù! Màmá, ó tutù! Ó sì ń hó!"

"Ẹ wọlé wá gbọ́," ni Alice wí fún àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí ẹnu tí kì í ṣe tèmi lẹ ti ń gbọ́ ọ. Èmi ni Alice Bámigbóyè. N ò se ọmọ kankan. Ọmọ kankan ò wọnú ìgò. Hó tí nọ́ọ̀sì wí kì í ṣe hó ti ìkòkò, hó ti ọṣẹ ni. Ba tafasa ba ne! Kumfa ne! Àlàbá ọmọ mi ló túmọ̀ rẹ̀ ní tafasa, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, èmi ni mi ò kọ́ ọ ní Yorùbá tó. Ìgò yìí, afẹ́fẹ́ ló ń mú un hó, omi tútù ni. Bí kò bá hó, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn jáde ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ da omi gbígbóná sí i, àbí ẹ ò dà á?" Roseline ló bi í, kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo dà á. Fíláàsì kan. Kì í ṣe kẹ́tùlù, ẹ má fi kún un. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà. Rọ́bà ti yọ nímú rẹ̀, èmi ni mo fi etí aṣọ mi yọ ọ́, mò ń wo omi nígbà tó yẹ kí n wo ọmọ. Sàlíhátù tó dúró yìí ló dá a padà. Ọwọ́ rẹ̀ ló gba Láyíwọlá là, mo sì ń gba àgbò lé e lórí."

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ń tú u fún àwọn Hausa, Nupe àti Gwari, ẹnu ń yà wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá onísítóòfù gbé sítóòfù rẹ̀, ó kọrí sílé.

"Kí wá ni tiyín níbẹ̀, Màmá?" ni Abọ́sẹ̀dé wí, ó ń ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó. "Ẹ kúkú ṣe nǹkan kan. Kí lẹ ṣe tí ọmọ fi yè?"

Alice rò ó.

"Igbe," ló dáhùn. "Mo ké. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó dára lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì pẹ́ kí n tó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bí Alice, kó fi omi rẹ̀ sílé, kó gbé ohùn wá."